Gbòǹgbò ńlá kan tàbí gbòǹgbò wẹ́wẹ́ púpọ̀?

Fa ẹ̀wà àti àgbàdo tu, kí o wo ìdí wọn. Ẹ̀wà ní gbòǹgbò ńlá kan tó wọlẹ̀ ṣánṣán, àwọn kéékèèké sì yọ lára rẹ̀. Ti àgbàdo tẹ́ẹ́rẹ́, ó ṣù jọ bí irun, erùpẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ọn pinpin.

Àwọn méjèèjì ló ń fa omi àti èròjà inú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà ọ̀dá, èyí tó wọlẹ̀ jìn ni mo fara mọ́, torí ó lè dé ibi tí omi ṣì wà. Ó tún lè tọ́jú oúnjẹ pamọ́: karọ́ọ̀tì tí à ń jẹ, gbòǹgbò ni.

Tó bá jẹ́ pé àgbàrá ló ń gbá ilẹ̀ lọ, koríko ni kí o gbìn. Gbòǹgbò wẹ́wẹ́ rẹ̀ máa ń di erùpẹ̀ mú dáadáa.