Iná bíréèkì tí kò kú: ẹ ṣọ́ra fún ríwáyà tó bá ní "brain box" ni

Ẹ̀yin ará, kí ẹlòmíràn má bàa kó sí i ni mo ṣe ń kọ èyí. Bí iná bíréèkì mọ́tò yín bá tàn tí kò kú mọ́, tí ẹnì kan wá ní brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà inú mọ́tò, ló jó, ẹ má tíì fọwọ́ kan àpò.

Honda Accord 2004 ni mò ń wà, èyí táwọn èèyàn ń pè ní End of Discussion. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lóṣù tó kọjá, mo yí kọ́kọ́rọ́, kò dáhùn. Bátìrì ti kú pátápátá. Níbi tí a ti ń jọ́ọ̀ǹpù ú ni ìyàwó mi ti pariwo látẹ̀yìn: "Dádì, iná bíréèkì ń tàn o!" Ẹsẹ̀ mi kò sì sí lórí bíréèkì. Mo pa mọ́tò, mo yọ kọ́kọ́rọ́, ó ṣì ń tàn bí iná ṣọ́ọ̀ṣì lálẹ́ àìsùn.

Mo gbé e lọ bá ríwáyà kan ní Ìwó Road n'Ìbàdàn. Ó ki scanner bọ̀ ọ́, ó na nọ́ńbà kan sí mi lójú, ó mirí. "Ọ̀gá, brain box yín ti lọ. ₦120,000 ni tòkunbọ̀." Ẹ̀rù Road Safety ló mú mi já ₦40,000 sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó mi ń gbọn kápẹ́ẹ̀tì ìdí dírẹ́bà, èérún ike kéékèèké ń já bọ́ bíi ti bisikíìtì. Mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù yẹ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù wò. Swíìṣì iná bíréèkì wà lókè pẹ́dà, ó ní ẹnu kékeré tó yọ síta bí orí báírò. Bí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ike pẹlẹbẹ kan lára apá pẹ́dà ló ń ti ẹnu yìí wọlé tí iná fi ń kú. Ike tèmi ti gbó, ó ti rún, ihò rẹ̀ nìkan ló kù, ẹnu swíìṣì sì ń gba inú ihò kọjá. Mo fi ìka tì í wọlé, iná kú. Mo jù ú sílẹ̀, ó tàn. Ó tán! ₦1,500 ni mo ra ike tuntun.

Ẹ̀yin náà lè dán an wò. Ẹ fi ìka tẹ ẹnu swíìṣì yẹn. Bí iná bá kú, ike ló sábà máa ń jẹ́. Bí kò bá kú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ swíìṣì fúnra rẹ̀, ìyẹn náà kò sì súnmọ́ owó brain box. Bí iná ò bá wá tàn rárá ńkọ́? Gílóòbù àti fíúsì lẹ máa kọ́kọ́ wò. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà lásán rọ́pò fíúsì, mọ́tò lè gbiná.

Mo padà lọ gba owó mi lọ́wọ́ ríwáyà yẹn. Ó ní òun ti fi ránṣẹ́ sí Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò l'Ékòó. Lẹ́yìn ariwo, ó yọ ₦15,000, ó ní kí n wá gba ìyókù ní Mọ́ńdè. Mọ́ńdè kẹta rèé.