Oṣù Mẹ́sàn-án Tí Mo Fi Lo Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣọ́ Trọ́lì

Iṣẹ́ mi ni pé kí trọ́lì má ṣe wọ́n lẹ́nu ọ̀nà súpámákẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí lè rò pé kò tó nǹkan. Àmọ́ mo ti rí oníbàárà tó wọlé, tó wo ọ̀tún wo òsì, tí kò rí trọ́lì kankan, tó wá fi apẹ̀rẹ̀ kékeré kọ́ apá. Ohun tí apá rẹ̀ bá lè gbé náà ló máa rà, á sì máa lọ. Ohun tí Sylvan Goldman, onísúpámákẹ́ẹ̀tì kan, kíyè sí nìyẹn ní Oklahoma, ní Amẹ́ríkà, tó fi ṣe trọ́lì àkọ́kọ́ lọ́dún 1937: bí apẹ̀rẹ̀ bá ti ń wúwo lọ́wọ́ èèyàn, rírà parí.

Trọ́lì 140 la rà. Nígbà tí a jókòó kà wọ́n, 96 péré la rí. Àwọn ọ̀gá ní wọ́n ti jí ìyókù, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ra ẹ̀rọ yìí nìyẹn.

Táàgì kékeré kan ni, kò ju páálí ìṣáná lọ, tí a dè mọ́ ara trọ́lì. Bluetooth ló ń lò. Bí trọ́lì bá dúró sójú kan, táàgì á sùn kó má bàa jẹ bátìrì. Bí ẹnikẹ́ni bá tì í, á jí, á sì máa ké sí àwọn ẹ̀rọ agbàmì tí a kàn mọ́ àjà àti mọ́ òpó iná níbi ìgbọ́kọ̀sí. Àwọn ẹ̀rọ yẹn ló ń fi ohun tí wọ́n gbọ́ ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí mo fi ń rí i lórí fóònù mi. Àwọn èèyàn sábà máa ń bi mí pé kí ló dé tí a ò ra ti GPS, èyí tó ń fi àmì sátẹ́láìtì mọ ibi tí nǹkan wà. GPS ń fẹ́ rí ojú ọ̀run gbangba kó tó gbọ́ sátẹ́láìtì dáadáa. Lábẹ́ òrùlé páànù, kò ṣe é gbára lé, ó sì ń jẹ bátìrì gan-an. Ẹni tí trọ́lì rẹ̀ ń rìn jìnnà wọ àdúgbò ló wúlò fún jù.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo rí i lórí fóònù pé trọ́lì mẹ́fà ti dúró sẹ́yìn ilé, lápá ibi tí a ń kó páálí òfìfo sí, wọn ò sì mira láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo lọ síbẹ̀ fúnra mi. Mo bá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Lẹ́yìn wọn, lábẹ́ òkìtì páálí, mo bá trọ́lì 23 mìíràn tí kò ní táàgì rárá, àwọn tí a ti kà mọ́ èyí tí wọ́n jí! Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ọ̀kan. Irun àti okùn ọ̀rá ti wé mọ́ ìdí táyà rẹ̀ títí táyà ò fi lè yí mọ́. Ẹnì kan ti rí i pé ó ń wọ́lẹ̀, ó tì í sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ọ̀bẹ àti òróró díẹ̀ la fi tún 19 ṣe lọ́jọ́ kan. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, ojú sì tì mí pẹ̀lú, torí a ti fẹ̀sùn olè kan àwọn oníbàárà lásán.

Àǹfààní tí mò ń rí lójoojúmọ́ ni pé bí trọ́lì ẹnu ọ̀nà bá ti dín sí 15, fóònù á dún. Tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọkùnrin tó ń kó trọ́lì máa ń méfò ni. Báyìí wọ́n mọ ibi tó pọ̀ sí kí wọ́n tó gbéra.

Ẹ̀rọ náà ní àléébù o. Bí trọ́lì 30 bá ti wọnú ara wọn, irin lórí irin, àwọn ẹ̀rọ agbàmì kì í gbọ́ táàgì tó wà láàárín. Fóònù á ní 22 ló wà níbẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ irin la kọ́kọ́ dè wọ́n mọ́. Ìgbà tí a gbé wọn wá sábẹ́ ọwọ́ trọ́lì, tó jẹ́ ike, ló tó sàn. Omi náà máa ń mu àmì Bluetooth. Ẹ̀rọ agbàmì tí wọ́n kàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a to omi inú ike sí kò gbọ́ nǹkan gidi títí a fi sún un kúrò.

Ti bátìrì dùn mí jù. Ẹni tó tà á ní á lo ọdún mẹ́ta. Kó tó di oṣù karùn-ún, mẹ́jọ ti kú. A wá rí i pé wọ́n ti jẹ́ kó máa tètè jí jù, débi pé atẹ́gùn lásán ń jí i. Wọ́n tún un ṣe, àmọ́ súkúrú mẹ́rin la ṣì ń tú ká tó pààrọ̀ bátìrì pẹlẹbẹ kan.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá fẹ́ ta táyà tó ń há fún, ẹ fara balẹ̀. Wáyà kan ni wọ́n rì sábẹ́ ilẹ̀ yí ibi ìgbọ́kọ̀sí ká. Bí trọ́lì bá ti kọjá lórí rẹ̀, táyà á há gbagidi. Ìyá àgbà kan gbé ọkọ̀ wọn sí ìta ilà yẹn díẹ̀. Trọ́lì wọn há láàárín ọ̀nà ọkọ̀, àyà wọn lu ọwọ́ trọ́lì, ọkọ̀ sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo sáré gbé trọ́lì náà kúrò, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé olè ni mo jọ ni?" Mi ò rí èsì fọ̀. Kò sí ilà kankan tí a kùn sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dúró nítòsí pẹ̀lú rìmóòtù tó ń tú u.

Ọ̀gá kan tún fẹ́ ká máa fi máàpù yẹn wo ẹni tó ń ṣọ̀lẹ lára àwọn tó ń kó trọ́lì. Mo ní rárá. Máàpù ń fi hàn pé trọ́lì ń kóra jọ sí igun kan lọ́sàn-án, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin yẹn ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi: òjìji igi wà níbẹ̀, ibẹ̀ làwọn èèyàn ń gbé ọkọ̀ sí tí oòrùn bá mú. A ṣe ibi ìkótrọ́lìsí síbẹ̀, iṣẹ́ wọn sì fúyẹ́.

Àdéhùn wa máa parí láìpẹ́. Mo ti kọ̀wé pé ká tún ti táàgì san, kí wọ́n yọ táyà tó ń há kúrò, kí wọ́n sì fún wa ní ilé bátìrì tí a lè ṣí láìlo súkúrú.