Port Meadow ní Oxford: pápá tí ará ìlú jọ ni

Tí ẹ bá ń lọ sí Oxford, tí gbogbo ènìyàn sì ń darí yín sí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń gba owó ìwọlé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya ìrọ̀lẹ́ kan sọ́tọ̀ fún Port Meadow. Láti ibùdókọ̀ ojú irin, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín gba Walton Well Road, kò sì pẹ́ tí mo fi bá ara mi ní pápá kan tó tẹ́jú bí ẹní. Ẹnikẹ́ni kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Kò sí òdòdó tí wọ́n gbìn, kò sí ewéko tí wọ́n gé létòlétò. Koríko, omi, ẹṣin àti màlúù ni, ọ̀run sì fẹ̀ lórí wọn.

Bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló mú mi fẹ́ràn rẹ̀. Nínú ìwé Domesday, àkọsílẹ̀ ilẹ̀ àti dúkìá tí Ọba William ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n kọ ní 1086, ó ti wà lákọsílẹ̀ pé àwọn ará Oxford jọ ni pápá ìjẹko kan lẹ́yìn odi ìlú, tí wọ́n ń san ṣílè 6 àti pẹ́nì 8 lé lórí. Ẹ̀tọ́ yẹn kò tíì kú. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Freemen of Oxford, ìyẹn àwọn ará ìlú tó ní ẹ̀tọ́ pàtàkì láti ayé àtijọ́, àti àwọn ará Wolvercote, abúlé kan létí pápá náà, tó ní ẹ̀tọ́ ṣì ń da ẹran síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ Sheriff ìlú, olóyè kan nínú ìgbìmọ̀ ìlú, sì ni láti kó àwọn ẹran náà jọ yẹ̀ wò. Ẹni tó bá da ẹran síbẹ̀ láìlẹ́tọ̀ọ́ yóò san owó ìtanràn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, bàálù ogun ń gbéra níbẹ̀. Ogun lọ, ẹran padà sídìí koríko.

Nígbà òtútù, odò Thames máa ń kún bo apá kan pápá náà, á di adágún tí ẹyẹ omi ń wọ́ lọ sí. Omi yìí, pẹ̀lú ẹran tó ń jẹ koríko mọ́lẹ̀, ló jẹ́ kí creeping marshwort, ewéko kékeré kan tó ṣọ̀wọ́n gan-an nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣì máa hù níbẹ̀.

Ẹ má padà láì dé Godstow. Ẹ tẹ̀lé etí odò lọ sí àríwá, ẹ ó bá àwókù ilé àwọn sísítà tí ìjọba Henry Kẹjọ tì pa ní 1539. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Rosamund Clifford, olólùfẹ́ Ọba Henry Kejì, sí. Ní 1191, bíṣọ́ọ̀bù Hugh ti Lincoln ní kí wọ́n gbé sàréè rẹ̀ kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dúró pẹ́ lẹ́bàá ògiri yẹn. Àánú obìnrin náà ṣe mí.

Ohun tó dùn mí jù ni àwọn ilé akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ́ sétí pápá náà ní nǹkan bí 2013. Wọ́n dí ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì St Barnabas mọ́ ẹni tó ń wo ìlú láti inú pápá. Kò yẹ kí wọ́n gbà á láyè.

Bàtà rọ́bà ni kí ẹ wọ̀, torí ẹrẹ̀ àti imí màlúù pọ̀. Kò sí ilé ìyàgbẹ́ nínú pápá, ẹ ṣe tọ́ọ̀lẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó jáde nígboro. Ẹ má fún ẹṣin lóúnjẹ. Ẹ sì ṣọ́ àwọn ọmọ létí omi: wọ́n fọwọ́ sí Wolvercote Mill Stream, ìṣàn omi kan níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ibi ìwẹ̀ ní 2022, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ omi rẹ̀ wò lọ́dún náà, ìpele tó burú jù ni wọ́n fi sí.