Níbo ló yẹ kí sípíà jíìpù wà? Abẹ́ ọkọ̀, ara ilẹ̀kùn, bọ́ńpà àti òrùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ẹni tó fẹ́ ra jíìpù tí yóò máa wọ igbó máa ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, á dán gíà wò, á sì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá epo ń jò. Táyà sípíà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ò wò ó ju pé ó wà tàbí kò sí. Lójú tèmi, ibi tí wọ́n gbé e sí yẹ kó wà lára ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi ẹni tó ń tà á, torí ọjọ́ tí táyà bá bẹ́ nínú ẹrẹ̀, tí ilẹ̀ ti ń ṣú, tí ẹ sì dá wà, ọjọ́ yẹn lẹ máa mọ̀ bóyá ibẹ̀ dáa. Ọjọ́ yẹn ni mo fi wọn gbogbo ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí.

Ìwúwo ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Táyà 265/65R17 tó wọ́pọ̀ lára Hilux àti Prado ga ní nǹkan bí 776 mm, òun àti rímù rẹ̀ sì máa ń sún mọ́ 30 kg. Èyí tí wọ́n ń pè ní íǹṣì 33, ìyẹn 285/70R17, ga ní nǹkan bí 831 mm. Tòun ti rímù, ó ń lọ sí 40 kg. Íǹṣì 35 tún lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sì máa gbé ẹrù náà: ẹ máa sọ táyà tó dáa kalẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ máa gbé èyí tó bàjẹ́, tó kún fún ẹrẹ̀, padà síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé ẹ̀ẹ̀kejì yìí.

Abẹ́ ọkọ̀ àti ara ilẹ̀kùn ẹ̀yìn

Àwọn méjì yìí ni ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ti máa ń yàn sílẹ̀ fún yín. Hilux, Ford Ranger, Land Cruiser 100 àti 200, àti Land Rover Discovery 3 àti 4 gbé tiwọn kọ́ sábẹ́ ìdí ọkọ̀. Jeep Wrangler, Suzuki Jimny, Mercedes G-Class, Defender àti Pajero so tiwọn mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Ṣéènì tàbí wáyà irin ló gbé sípíà abẹ́ ọkọ̀ dúró. Ẹ máa ki ọ̀pá gígùn kan bọ ihò tó wà lápá bọ́ńpà, ẹ ó máa yí i, táyà á sì máa sọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kanlẹ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn lè ṣe é. Ìwúwo náà wà nísàlẹ̀ níbi tó yẹ kí ìwúwo wà, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ń ṣí wẹ́rẹ́, kò sí ohun tó bo gíláàsì. Fún ẹni tí ọ̀nà ọ̀dà pọ̀ jù nínú ìrìn rẹ̀, mi ò mọ ibi tó sàn ju èyí lọ.

Inú igbó ni wàhálà rẹ̀ wà. Táyà tó bẹ́ á mú kí ìdí ọkọ̀ wálẹ̀. Bó bá wá jẹ́ pé ojú ipa táyà tó jìn lẹ wà, sípíà á sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní sí àyè láti fà á jáde. Ẹ máa kọ́kọ́ fi jáàkì gbé ìdí ọkọ̀ lórí ilẹ̀ rírọ̀ kí ẹ tó rí táyà tí ẹ fẹ́ lò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ki orí tàbí èjìká bọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ìkọ́ tàbí okùn ni kí ẹ fi wọ́ táyà náà. Òkúta àti kùkùté ń gbá a bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí gegele. Omi àti ẹrẹ̀ ń jẹ wáyà rẹ̀, bó bá sì ti dípẹtà tán, á gan mọ́ra tàbí kó já. Olè náà mọ ibẹ̀, torí gígé wáyà kì í pẹ́. Bí ọkọ̀ náà bá ní kọ́kọ́rọ́ fún ihò ọ̀pá, ẹ lò ó.

Ohun tó ń bá àwọn tó ń pààrọ̀ táyà jà jù ni pé àyè abẹ́ ọkọ̀ kì í gbà ju táyà tí wọ́n fi kọ́ ọkọ̀ náà lọ, àfi díẹ̀. Ẹ lè wọ íǹṣì 33 sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí sípíà ṣì jẹ́ kékeré. 55 mm ni ìyàtọ̀ 776 àti 831, kì í sì í ṣe nǹkan kékeré. Lára ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń gba agbára nígbà gbogbo, bíi Land Cruiser 200, gíà àárín tó ń pín agbára síwájú àti sẹ́yìn ò ní sinmi jálẹ̀ ìrìn náà. Á máa gbóná, á sì máa jẹ. Lára èyí tó jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń tẹ fọ́ọ̀-wíìlì sí i, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lórí ilẹ̀ líle rárá, pàápàá nígbà tí táyà kan kò bá bá àwọn yòókù dọ́gba. Bí ẹ bá tún ń gbèrò tánkì epo kejì fún ọ̀nà jíjìn, ẹ béèrè dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ irú tánkì bẹ́ẹ̀ ló ń gba àyè sípíà.

Ti ara ilẹ̀kùn yàtọ̀ pátápátá. Ojú yín ń tó o lójoojúmọ́. Ẹ lè fi géèjì wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ lórí ìró. Bó ti wù kí ẹrẹ̀ jìn tó, nọ́ọ̀tì bíi mélòó kan lẹ máa tú, ẹ ó sì gbà á mọ́ àyà. Ìyà náà, ilẹ̀kùn ló ń jẹ ẹ́. 30 kg ń fà á wálẹ̀ tọ̀sán-tòru, kòtò kọ̀ọ̀kan sì ń sọ ọ́ di ìlọ́po. Lórí ọ̀nà eruku tó ti hunjọ bíi páànù, ìńjìsì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, irin ilẹ̀kùn á sì máa sán yí ìdí bóótì ká. Ara Defender àtijọ́ ni wọ́n ti mọ èyí jù. Bí ọkọ̀ bá dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ilẹ̀kùn náà á fẹ́ já pa fúnra rẹ̀, ó sì wúwo tó láti fọ́ èèyàn lápá. Sípíà tún ń bo gíláàsì ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí Jeep fi gbé kámẹ́rà Wrangler JL sí àárín sípíà gan-an. Bí ẹ bá sì fẹ̀yìn rìn lu òpó, táyà ló máa kọ́kọ́ kàn án, ilẹ̀kùn ló sì máa tẹ̀ wọlé.

Báwo lẹ ṣe máa yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò? Fún ti ilẹ̀kùn, ẹ ṣí i dé ìdajì, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹnu rẹ̀ sókè. Bó bá ń mì sókè-sódò, ìńjìsì ti jẹ. Ẹ wo ọ̀dà tó yí ìdí bóótì táyà ká bóyá ó ti là tín-ín-rín. Ẹ wá rọra tì í: ilẹ̀kùn tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ gbé díẹ̀ kó tó wọ ojú àyè rẹ̀ ti rọ̀. Fún ti abẹ́ ọkọ̀, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á sọ sípíà kalẹ̀ délẹ̀, kó sì fà á gòkè padà lójú yín. Ẹ takú lórí èyí. Bó bá ní ó ń ṣiṣẹ́, kó fi hàn yín.

Bọ́ńpà tó ní apá tirẹ̀

Bí íǹṣì 33 tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́kàn yín, ibí yìí ni mo máa ní kí ẹ wá. Irin bọ́ńpà ẹ̀yìn tó le ni, tí apá kan yọ lára rẹ̀, tó ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú táyà lórí. Ilẹ̀kùn ò gbé nǹkan kan mọ́. Ara ṣáásì ni ìwúwo náà ń lọ, ìyẹn egungun ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ẹrù. Gíga tí ẹ máa gbé táyà dé ò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ilẹ̀kùn, àyè sì wà fún táyà tó bá àwọn mẹ́rin yòókù dọ́gba.

Bọ́ńpà kan yàtọ̀ sí èkejì o. Ẹ wo ibi tí apá náà ti ń yí: ó yẹ kó jẹ́ ọ̀pá irin tó nípọn pẹ̀lú bíárìn àti ojú tí wọ́n ń fi gíríìsì sí. Bóótì lásán tí wọ́n ki bọ páìpù máa jẹ kíákíá. Ẹ wo ìkọ́ tó ń tì í pa: ó gbọ́dọ̀ fa apá náà mọ́ rọ́bà pinpin, torí pé èyí tó bá ní àyè díẹ̀ á máa dún, ohun tó ń dún sì ń jẹ. Ẹ béèrè ohun tó ń dì í mú tó bá ṣí sílẹ̀, kí atẹ́gùn má baà gbá a mọ́ yín lẹ́yìn nígbà tí ẹ ń kó ẹrù.

Ìwúwo ni owó orí rẹ̀, ó sì ju bó ṣe rí lójú lọ. Ká ní bọ́ńpà náà fi 60 kg kún ti tẹ́lẹ̀, tí táyà jẹ́ 40 kg. 100 kg nìyẹn. Ká ní ó wà ní mítà kan lẹ́yìn ákísù ẹ̀yìn, ìyẹn ọ̀pá irin tó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, lára ọkọ̀ tí àlàfo ákísù méjèèjì rẹ̀ jẹ́ mítà 2.85 bíi ti Land Cruiser 100 àti 200. Ákísù ẹ̀yìn á gbé 135 kg, torí pé ẹrù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń gbé iwájú ọkọ̀ sókè, á sì gba 35 kg kúrò lórí ákísù iwájú. Sìtíárì á fúyẹ́, iná iwájú á máa tan sókè. Bí sípíà bá ti wà lábẹ́ ìdí ọkọ̀ látilẹ̀, apá kan ẹrù yìí ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ẹ ṣì gbọ́dọ̀ wo ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí fún ákísù ẹ̀yìn kí ẹ tó ra bọ́ńpà, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ nílò sípíríǹgì tó le sí i. Ẹ tún rí i pé táyà ò bo nọ́ńbà ọkọ̀ àti iná ẹ̀yìn.

Lójoojúmọ́, ohun tó máa ń súni ni pé ẹ gbọ́dọ̀ ṣí apá kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn. Èmi lè fara da ìyẹn.

Orí òrùlé

Mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti gbé sípíà kan ṣoṣo tó ní sórí òrùlé. Gbígbé 40 kg ẹlẹ́rẹ̀ kọjá orí, lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, iṣẹ́ èèyàn méjì ni. Ọkọ̀ tí ẹrù wà lórí rẹ̀ á tètè fẹ́ dojú dé lórí ilẹ̀ tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀ka igi á máa kọ́ ọ, epo á sì máa lọ sí i nítorí atẹ́gùn. Ẹ ka ìwé ọkọ̀: iye tí òrùlé lè gbé nígbà tí ọkọ̀ ń rìn kéré púpọ̀ sí ohun tó lè gbé ní ìdúró, ìwúwo káríà, ìyẹn irin tí wọ́n ń di ẹrù mọ́ lórí òrùlé, sì wà nínú iye náà. Òrùlé tó gba 80 kg, tí káríà rẹ̀ jẹ́ 30 kg, ti ku 50; fi táyà lé e, ó ku 10.

Sípíà kejì fún ọ̀nà aṣálẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìyẹn lè wà lókè, pàápàá bó bá jẹ́ táyà láìsí rímù, bí ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń yọ táyà lára rímù lójú ọ̀nà, tí irinṣẹ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́.

Inú ọkọ̀

Nínú Hilux tàbí Ranger, kí sípíà dúró lẹ́yìn kábíìnì, kí wọ́n fi bẹ́líìtì dè é mọ́ òrùka irin, dára gan-an: ó wà níwájú ákísù ẹ̀yìn, gbígbé rẹ̀ rọrùn díẹ̀, ẹrẹ̀ ò dé ibẹ̀. Àyè ẹrù nìkan ló ń gbà. Nínú jíìpù tí èèyàn àti táyà jọ wà nínú ilé kan, ó gbọ́dọ̀ ní ìdè tó lágbára, torí bí ọkọ̀ bá dédé dúró gbì, 40 kg á fò wá síwájú. Ti orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí àwọn Land Rover Series ṣe ń gbé e, ń bo ojú ọ̀nà lọ́wọ́ awakọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe é fún láti ilé iṣẹ́ nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí rírà, ẹ wo ara táyà náà fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lórí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Sípíà tí kò fọwọ́ kan ọ̀nà rí ń gbó bákan náà, pàápàá èyí tí oòrùn ń pa lára ilẹ̀kùn. Bí rímù rẹ̀ bá jẹ́ irin, tí àwọn mẹ́rin yòókù jẹ́ álọ́ọ̀yì, ẹ béèrè bóyá nọ́ọ̀tì kan náà ló bá méjèèjì mu, kí ẹ sì dán sípánà inú ọkọ̀ wò lára wọn kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́.