Epo octane 91 àbí 95: èwo ló yẹ alùpùpù yín?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gun ọ̀kadà kiri Ìbàdàn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé nọ́ńbà tó bá ga ló ń mú ọ̀kadà sáré. Octane kì í ṣe agbára. Ohun tó ń sọ ni bí epo ṣe lè fara da fífún tí ẹ́ńjìnnì ń fún un tó, tí kò fi ní gbiná kí púlọ́ọ̀gì tó ṣáná sí i.

Ọ̀kadà kékeré tí wọ́n fi ń kérò, 91 tó o. Bẹ́ ẹ bá ra 95 sí i, owó lẹ fi ṣòfò.

Ti alùpùpù ńlá tí ìfúnpọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó 11 sí 1 (ìyẹn ni pé ó ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ di ìdá kan nínú mọ́kànlá) yàtọ̀. 95 ló sábà máa ń bá irú wọn mu. Ẹ fi epo tí octane rẹ̀ kò tó gùn ún lọ sókè Màpó lọ́sàn-án gangan, ẹ lè gbọ́ kọ̀ kọ̀ kọ̀, bí ìgbà téèyàn ń fi òkúta kan irin. Ẹ yáa dẹwọ́ eré. Ohun tó ń dún yẹn lè ba písítìnnì jẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà pẹ̀lú: 87 tí wọ́n ń kọ sára ẹ̀rọ epo ní Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú 91 inú ìwé ìlò ọ̀kadà àwọn ará Japan. Ọ̀nà tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ló yàtọ̀.