HTTPS àbí SSH: èwo ni kí Git gbà kọjá proxy ilé iṣẹ́?
Ọ̀nà méjì tí Git, ohun èlò tó ń tọ́jú ẹ̀dà kóòdù, fi ń bá sáfà sọ̀rọ̀ ni HTTPS àti SSH; proxy sì ni kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ fi sáàárín ìwọ àti íńtánẹ́ẹ̀tì. HTTPS ni mo fara mọ́ jù. Kọ `git config --global http.proxy`, fi àdírẹ́sì proxy tẹ̀ lé e, ó parí. Ṣùgbọ́n má kọ password sínú àdírẹ́sì yẹn o: gbangba ló máa wà nínú fáìlì .gitconfig. Bí Git bá sì ní òun ò gba ìwé ẹ̀rí (certificate) proxy, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ ọ́, má pa sslVerify, ètò tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò. Ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà lè yí kóòdù rẹ padà. Gba ìwé ẹ̀rí CA (ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí proxy) lọ́wọ́ àwọn ará IT, kí o fi http.sslCAInfo júwe ibi tó wà.

SSH ní tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ló ń lò, proxy kò sì lè ka ohun tó ń kọjá. Ṣùgbọ́n port 22, ẹnu ọ̀nà tí SSH máa ń gbà, ni àwọn ilé iṣẹ́ sábà máa ń tì. GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń kó kóòdù Git sí, ṣí ssh.github.com sílẹ̀ fún SSH lórí port 443 tí HTTPS ń lò, àmọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kí o tó gba ibẹ̀.