Excel, Power BI, tàbí Looker Studio: èwo ni kí ẹni tí kò mọ kóòdù í kọ fi ṣe ìjábọ̀ iṣẹ́ rẹ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ máa rí iye ọjà tó tà lóṣooṣù, gbèsè tí àwọn oníbàárà ṣì jẹ ẹ́, àti ọjà tó kù ní sítọ́ọ̀, láì jẹ́ pé ó mọ kóòdù í kọ, irinṣẹ́ mẹ́ta ni wọn yóò sábà dárúkọ fún un: Excel, Power BI, àti Looker Studio, èyí tí Google ń pè ní Data Studio títí di ọdún 2022. Oríṣi kẹrin wà tí n kò ní dárúkọ, ìyẹn àwọn irinṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń ṣèlérí pé kí a ṣáà gbé fáìlì sórí wọn, ìjábọ̀ yóò jáde fúnra rẹ̀. A ti sanwó fún ọ̀kan nínú wọn rí níbi iṣẹ́ mi, òun ló sì jẹ́ kí n mọ ohun tó yẹ kí olùrà kọ́kọ́ béèrè. Excel ni mo ń lò jù báyìí. N kò ní sọ̀rọ̀ lórí irú ṣáàtì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè yà, nítorí gbogbo wọn ló lè ya ju ohun tí iṣẹ́ kékeré nílò lọ.

Ṣé irinṣẹ́ náà lè rántí àtúnṣe?

Fáìlì tí sọ́fítíwíà ìṣirò owó tàbí ẹ̀rọ ìtajà ń tú jáde kì í sábà mọ́. Ìlà méjì tàbí mẹ́ta á wà lókè tó jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan, àròpọ̀ á wà nísàlẹ̀ tí ìjábọ̀ lè tún kà mọ́ ọjà tí a tà, nọ́ńbà ọjà tó jẹ́ 00457 á sì di 457 kí a tó ṣẹ́jú. Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọjọ́. Bí fáìlì bá kọ 03/04/2024, tí ẹni tó kọ ọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin lọ́kàn, kọ̀ǹpútà tí a tò sí ìlànà Amẹ́ríkà á kà á sí ọjọ́ 4 oṣù kẹta, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. 25/04/2024 ni kò ní rí kà, nítorí kò sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọdún. Báyìí ni ọjà tí a tà láàárín ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 12 oṣù kẹrin yóò fọ́n ká sínú oṣù méjèèjìlá, tí ìyókù yóò sì di ọ̀rọ̀ lásán tí kò sí nínú àròpọ̀ oṣù kankan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn lórí irinṣẹ́ tí a sanwó fún. Ṣáàtì rẹ̀ dùn ún wò, ṣùgbọ́n ó ń fi ọjà hàn wá fún oṣù kejìlá nígbà tí a kò tíì lo ìdajì ọdún. Nígbà tí a kọ̀wé sí àwọn tó ni ín, èsì wọn ni pé kí a máa fọwọ́ tún òpó (column) ọjọ́ ṣe kí a tó gbé fáìlì sókè, ní gbogbo oṣù tí Ọlọ́run dá, nítorí irinṣẹ́ náà kò ní ibi tí ó lè tọ́jú àtúnṣe oṣù tó kọjá sí. A ti san owó ọdún kan sílẹ̀ kí a tó gbọ́ èsì yìí, wọn kò sì dá owó náà padà.

Excel ní ìdáhùn sí èyí, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì ti ń lò ó láti ọjọ́ pípẹ́ kò tíì ṣí i wò. Láti Excel 2016 ni Power Query, irinṣẹ́ tó ń kó dátà wọlé tó sì ń tún un ṣe, ti wà lábẹ́ Data, níbi tí wọ́n kọ Get Data sí. Ẹ kó àwọn fáìlì oṣooṣù sínú fódà kan, ẹ yan From Folder, ẹ sì máa tẹ ohun tí ẹ bá fẹ́ kó ṣe: kí ó yọ ìlà òkè, kí ó yọ àròpọ̀ ìsàlẹ̀, kí ó fi nọ́ńbà ọjà sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń wọ inú àkọsílẹ̀ kan lápá ọ̀tún tí wọ́n ń pè ní Applied Steps. Ní ti ọjọ́, ẹ kọ́kọ́ pa ìgbésẹ̀ Changed Type tí ó dá ṣe fúnra rẹ̀ rẹ́, nítorí ibẹ̀ gan-an ló ti ń ṣi ọjọ́ kà; lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máwùsì tẹ orí òpó ọjọ́, kí ẹ wọ Change Type, kí ẹ yan Using Locale, kí ẹ sì mú Date pẹ̀lú ìlànà Gẹ̀ẹ́sì ti United Kingdom. Ó tán. Ní oṣù tó ń bọ̀, ẹ ju fáìlì tuntun sínú fódà, ẹ tẹ Refresh All, PivotTable (àtẹ tó ń ṣàkópọ̀ dátà) tí ẹ gbé lé e lórí yóò sì tún ara rẹ̀ ṣe. Nígbà míì ẹ ní láti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí PivotTable lè sáré ṣáájú dátà tó ń dúró dè. Bí ẹnikẹ́ni bá yí orúkọ òpó padà nínú fáìlì, gbogbo rẹ̀ á dúró, á sì sọ pé òun kò rí òpó náà. Ó lè mú ni bínú, ṣùgbọ́n ó sàn ju irinṣẹ́ tó dákẹ́ tó sì ń ṣi owó kà.

Power Query kan náà ló wà nínú Power BI, nítorí náà àwọn méjèèjì dọ́gba níhìn-ín. Looker Studio ni kò ní irú àkọsílẹ̀ ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ lè fi fọ́múlà PARSE_DATE sọ bí yóò ṣe ka ọjọ́, yóò sì rántí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè to fáìlì oṣù kan sábẹ́ òmíràn. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ló ń so wọ́n pọ̀ sí, kò sì lè ju àtẹ 5 lọ. Inú Google Sheets ni ẹ óò ti máa tò wọ́n kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àwọn ohun yòókù

Ní ti ṣíṣírò, ẹ lè fi máwùsì fa òpó sínú ìjábọ̀ Power BI fún àròpọ̀ lásán, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ fi oṣù yìí wé irú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ẹ óò bá DAX, èdè fọ́múlà Power BI, pàdé láìpẹ́, kóòdù sì ni DAX, ohun yòówù kí ìpolówó sọ. Nínú PivotTable, Show Values As ń ṣe púpọ̀ nínú irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ láì kọ nǹkan kan.

Ní ti pínpín, Looker Studio ló ṣíwájú. Ẹ fi líǹkì ránṣẹ́, ẹni tó gbà á á ṣí i lórí fóònù rẹ̀ láì san nǹkan kan. Ọ̀fẹ́ ni Power BI Desktop, orí Windows nìkan ló sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n láti fi ìjábọ̀ han ẹlòmíràn, olùfiránṣẹ́ àti òǹkàwé ló gbọ́dọ̀ ní Pro, ìyẹn ìwé àṣẹ tí a ń sanwó fún, àyàfi bí ilé iṣẹ́ bá ti ra ààyè ńlá ti ara rẹ̀ lórí Power BI, níbi tí olùfiránṣẹ́ nìkan ti nílò rẹ̀; ímeèlì Gmail kò sì lè fi forúkọ sílẹ̀. Ẹ má ṣe fi Publish to web yẹra fún owó yìí, nítorí gbogbo ayé ló lè rí ohun tí ẹ bá gbé síbẹ̀. Excel náà ní ewu tirẹ̀: ẹni tí ẹ bá fi PivotTable ránṣẹ́ sí lè tẹ àròpọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, kí gbogbo ìlà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì tú jáde síwájú rẹ̀, títí kan owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ bí ó bá wà nínú dátà náà. PDF ni kí ẹ fi ránṣẹ́.

Ìtúnṣe àdáṣe: Pro ti Power BI ń gba ìgbà 8 lójúmọ́, bí fáìlì bá sì wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ óò fi gateway, sọ́fítíwíà tó ń so kọ̀ǹpútà yín mọ́ Power BI, sí i, kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ wà ní títàn. Looker Studio máa ń wo Google Sheets lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Excel ń dúró dè yín kí ẹ ṣí i.

Ìwọ̀n: ojú ìwé Excel kan ń gba ìlà 1,048,576. Ìṣòro tí iṣẹ́ kékeré ń gbàdúrà fún nìyẹn.

Ta ni kó mú èwo?

Bí dátà yín bá ti wà lọ́dọ̀ Google tẹ́lẹ̀, tí àwọn tí yóò kà á sì pọ̀, Looker Studio yẹ yín. Bí ilé iṣẹ́ yín bá ti ń san owó Microsoft 365 E5, Pro ti wà nínú rẹ̀, Power BI sì tọ́ sí yín bí ẹnìkan bá ní àkókò láti kọ́ DAX. Àwọn tó kù, tí wọ́n jẹ́ ọ̀pọ̀ jù, kí wọ́n tẹ Get Data nínú Excel tí wọ́n ti ní kí wọ́n tó ra ohunkóhun. Bí iṣẹ́ bá gbòòrò lẹ́yìn náà, Power BI Desktop lè gba àwọn ìgbésẹ̀ Power Query wọn wọlé láti inú fáìlì Excel. Bí ẹ bá sì ṣì fẹ́ ra irinṣẹ́ oríṣi kẹrin yẹn, ẹ fi fáìlì tiyín dán an wò lákòókò ọ̀fẹ́, èyí tó ní 03/04 àti 25/04 nínú, kí ẹ sì gbé ti oṣù tó tẹ̀ lé e sórí rẹ̀ láì fọwọ́ tún nǹkan kan ṣe.